Ehrenberg: Ẹni tí ó Sọ Ohun tí Ojú Kò Rí Lórúkọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn ohun abẹ̀mí kan wà nínú omi, nínú ẹrẹ̀ àti nínú eruku, tí ojú lásán kò lè rí rárá, áḿbọ̀sìbọ́sí kí a tó mọ ilé tí wọ́n ti wá. Ta ni yóò sọ irú wọn lórúkọ? Ìtàn ẹnì kan tí ó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa. Christian Gottfried Ehrenberg ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Jámánì sì ni. Ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn béèrè ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá ń wá dé ìdí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí onítọ̀hún ṣe sùúrù fún mi. Bí a bá rìn síwájú díẹ̀, eruku ọyẹ́ tiwa náà yóò fẹ́ wọ inú ìtàn yìí.

Ìlú Delitzsch, tí kò jìnnà sí Leipzig, ni wọ́n ti bí Ehrenberg ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹrin ọdún 1795. Ẹ̀kọ́ ìsìn ni ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní Yunifásítì Leipzig ní 1815, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ó fi pa á tì tí ó sì yà sí ìmọ̀ ìṣègùn. Ní 1817 ó kó lọ sí Berlin. Ìwé tí ó kọ láti fi gba oyè rẹ̀ níbẹ̀ ní 1818 kò sọ nǹkan kan nípa àìsàn ènìyàn. Olú àti àwọn ẹbí rẹ̀ tí ń hù káàkiri àgbègbè Berlin ni ó kọ̀wé lé lórí. Láti ìgbà náà ni ó ti hàn pé ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ kọjá ni ojú tirẹ̀ máa ń wá kiri.

Ní Berlin ni ó ti pàdé Wilhelm Hemprich, tí òun náà ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn. Àwọn méjèèjì di kòríkòsùn. Ní 1820, Ọ̀gágun von Minutoli ń múra ìrìn-àjò lọ sí ilẹ̀ Íjíbítì láti lọ wo àwọn ohun àtijọ́. Àkàdẹ́mì Sáyẹ́ǹsì ìlú Berlin fi àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjèèjì yìí kún àwọn tí yóò bá a lọ, kí wọ́n lè máa ṣa ewéko àti ẹranko jọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbéra nílé, tí ọ̀kan nínú wọn kò sì padà wá mọ́.

Ìrìn-àjò náà kì í ṣe eré ọmọdé. Ọdún márùn-ún ni ó gbà. Wọ́n kọ́kọ́ gba inú aṣálẹ̀ lọ sí ìhà Líbíyà, ṣùgbọ́n ìyà àti àìsàn ni wọ́n bá pàdé níbẹ̀, ó sì pa nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Ehrenberg fúnra rẹ̀ dùbúlẹ̀ àìsàn, díẹ̀ ni ó kù kí òun náà lọ. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, wọ́n tọ odò Náílì lọ títí dé Dongola ní ilẹ̀ Sùdáànì. Lẹ́yìn èyí wọ́n dé Sinai, wọ́n dé Lẹ́bánónì, wọ́n sì rin etí Òkun Pupa. Etíkun yìí wà lára ibi tí àwọn igi inú ẹrẹ̀ omi iyọ̀ ti ń hù, àwọn igi tí òkun máa ń bò mọ́lẹ̀ tí ó tún máa ń fà kúrò lára wọn. Ẹni tí ó bá ti dé ọ̀dọ̀ àwọn Ìlàjẹ yóò mọ irú ibi tí mo ń sọ. Bí a bá bu ẹrẹ̀ ìdí irú igi bẹ́ẹ̀ sí ọwọ́, a ó rò pé ẹrẹ̀ lásán ni, bẹ́ẹ̀ ìlú ńlá ni.

Ibi kan wà ní etí òkun Sinai tí à ń pè ní Tor. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 1823, Ehrenberg rí i níbẹ̀ pé omi etíkun ti pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Ìgbì ń gbé ohun kan tí ó rí yọ̀rọ̀yọ̀rọ̀, tí ó pupa, wá sí orí iyanrìn. Ẹni tí ó bá ti ka Bíbélì yóò rántí Mósè àti omi tí ó di ẹ̀jẹ̀ lójú ẹsẹ̀, pàápàá bí ó bá jẹ́ ẹni tí ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ ìsìn rí bíi ti Ehrenberg. Ṣùgbọ́n kò sá, kò sì pariwo iṣẹ́ ìyanu. Ó bu omi náà, ó gbé e lọ sí inú àgọ́ rẹ̀, ó sì gbé awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá lé e. Ohun tí ó rí ni fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n so pọ̀ ní ìdì-ìdì. Omi kò di ẹ̀jẹ̀. Àwọn ohun abẹ̀mí tí wọ́n pọ̀ ju iyanrìn lọ ni ó kún inú rẹ̀. Ó tún rí i ní ìgbà mélòó kan kí ó tó kúrò níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 1824. Orúkọ tí ó sọ ọ́ nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1830 ni Trichodesmium, tí ìtumọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdì irun. Orúkọ náà ni a ṣì ń pè é títí di òní. Àwọn onímọ̀ ti wá kà á mọ́ àwọn bakitéríà tí wọ́n ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ bí ewé, wọ́n sì ti mọ̀ pé ó máa ń gba èròjà náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́ tí ó sì ń sọ ọ́ di ajílẹ̀ fún òkun. Ẹni tí ó sọ ọ́ lórúkọ kò mọ èyí. Ohun tí ó mọ̀ ni pé ó yẹ kí ó ní orúkọ, kí ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 1825, ibà pa Hemprich ní Massawa, ní etí Òkun Pupa náà. Kò ju ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n lọ. Ehrenberg sin ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì darí sí ilé pẹ̀lú ohun tí àwọn méjèèjì ti jọ ṣà: nǹkan bí 46,000 ewéko àti 34,000 ẹranko. Nígbà tí ó dé Berlin, ó bá a pé wọ́n ti tú nínú àwọn àpótí tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ ṣáájú, wọ́n sì ti ta nínú ohun tí ó wà nínú wọn. Ẹ fojú inú wò ó: ohun tí ọ̀rẹ́ ẹni tìtorí rẹ̀ kú sí ilẹ̀ àjèjì, tí a wá sọ di ọjà. N kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé èyí nìkan ni ó fà á tí Ehrenberg fi wá gbájú mọ́ àwọn ohun tí kò ṣeé tà fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà lọ ni ó ti di ẹrú awò rẹ̀.

Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Berlin ní 1827. Ní 1829, Alexander von Humboldt, tí òkìkí rẹ̀ ti kàn gbogbo Yúróòpù, mú un dání lọ sí ilẹ̀ Rọ́ṣíà, wọ́n sì rìn dé ẹnu ààlà ilẹ̀ Ṣáínà kí ọdún náà tó parí. Níbi gbogbo tí wọ́n bá dúró sí, Ehrenberg a bu omi adágún tàbí omi odò, a wò ó, a sì ya àwòrán ohun tí ó bá rí.

Àwọn orúkọ tí ó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde kò lóǹkà. Òun ni ó kọ́kọ́ lo Bacterium ní 1828, orúkọ tí ó túmọ̀ sí ọ̀pá kékeré. Láti inú rẹ̀ ni bakitéríà tí gbogbo ènìyàn ń pè lónìí ti wá. Euglena tí àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ń yà sínú ìwé wọn, òun ni ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní 1830. Ó rí àmì pupa kan lára rẹ̀, ó gbà pé ojú ni, ó sì fi ọ̀rọ̀ Gíríìkì fún un ní orúkọ tí ó jẹ mọ́ ẹyinjú tí ó dára. Chlamydomonas náà ń bẹ níbẹ̀, ní 1833. Bí ènìyàn bá wò ó dáadáa, orúkọ àmútọ̀runwá ni púpọ̀ nínú wọn: ohun tí ó bá bá lára ọmọ ni ó fi ń sọ ọ́.

Wàyí o, ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wọ́ ni ó kàn. Ní 1838 ó tẹ ìwé ńlá kan jáde nípa gbogbo àwọn ẹ̀dá kéékèèké inú omi, pẹ̀lú ojú ìwé àwòrán 64. Àwọn àwòrán náà dára débi pé àwọn onímọ̀ ṣì ń yẹ̀ wọ́n wò. Ṣùgbọ́n orí èrò kan tí kò tọ̀nà ni gbogbo ìwé náà dúró lé. Ehrenberg gbà pé ẹranko pípé ni àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí, pé bí wọ́n ti kéré tó un, wọ́n ní ẹnu, wọ́n ní ìfun, wọ́n sì ní ikùn púpọ̀. Kì í ṣe pé ó kàn jókòó tí ó ń ro ó. Ó da aró sínú omi wọn, ó sì rí i pé aró náà kóra jọ sí ojú kéékèèké inú ara wọn. Ó ní ikùn nìyẹn. Ìdánwò náà dára, ohun tí ó sì rí, ó rí i lóòótọ́. Ìtumọ̀ tí ó fún un ni kò rí bẹ́ẹ̀. Félix Dujardin ní ilẹ̀ Faransé ti ń ta kò ó láti 1835, ó ní kò sí ìfun kankan níbẹ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ó wá hàn pé sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo péré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ọ̀pọ̀ nínú wọn, àti pé ewéko ni ó yẹ kí a ka púpọ̀ nínú wọn mọ́. Ní 1844, Kützing, ọmọ Jámánì bíi tirẹ̀, kọ odindi ìwé nípa dáyátọ́mù, ó sì fi wọ́n sí ọ̀dọ̀ àwọn ewéko inú omi. Ehrenberg kò gbà. Kò gbà títí ó fi kú. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò gba ohun tí Darwin wí nípa bí ẹ̀dá ṣe ń yí padà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun àti Darwin ń kọ ìwé sí ara wọn. Ní tèmi, n kò rí ìdí tí a ó fi bo agídí yìí mọ́lẹ̀ nítorí pé ẹni tí à ń yìn ni.

Kí ni dáyátọ́mù yìí? Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni, tí ó kọ́ ilé fún ara rẹ̀ láti inú èròjà tí a fi ń ṣe díńgí. Ilé náà pín sí méjì, apá kan dé orí èkejì bí ọmọrí ṣe ń dé igbá. Ó sì ní ihò àti ìlà tín-ín-tín lára bí igbá fínfín. Irú igbá kọ̀ọ̀kan ló ní fínfín tirẹ̀, òun ni a sì fi ń dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Nígbà tí ẹni inú ilé bá kú, ilé kì í jẹrà. Yóò rì sí ìsàlẹ̀ omi, òmíràn yóò rì lé e, títí yóò fi di ilẹ̀.

Ní 1836, oníṣẹ́ tánńganran kan tí ń jẹ́ Fischer fi ilẹ̀ funfun kan ránṣẹ́ sí Ehrenberg láti Bòhẹ́míà. Ehrenberg gbé e sábẹ́ awò, ó sì rí i pé òkìtì ilé àwọn dáyátọ́mù tí wọ́n ti kú láti ìgbà láéláé ni gbogbo rẹ̀. Ó tún yẹ òkúta Bilin tí wọ́n fi ń mú kí irin máa dán wò, ohun kan náà ni. Ó ṣírò pé èyí tí ó tó íǹṣì kan níbùú, lóròó àti nínípọn yóò ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún nínú, ó ní wọn yóò tó 41,000 mílíọ̀nù. Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn ti mọ̀ pé ohun tí ojú kò rí lè kọ́ òkè. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Wollaston ní 1839. Ó wá ń gba ẹrẹ̀, yẹ̀pẹ̀ àti iyanrìn láti gbogbo ayé lọ́wọ́ àwọn atukọ̀ àti àwọn arìnrìn-àjò. Yẹ̀pẹ̀ tí ó lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò àwọn ewéko gbígbẹ tí wọ́n tọ́jú sí ilé ìkẹ́wéésí pàápàá, ó gbọ̀n ọ́n lulẹ̀, ó sì wò ó. Àkójọ gbogbo èyí ni ó fi ṣe ìwé ńlá rẹ̀ kejì, tí ó jáde ní 1854.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan eruku wa nìyí. Ní oṣù Kìíní ọdún 1832, ọkọ̀ Beagle tí Darwin wà nínú rẹ̀ gúnlẹ̀ sí Porto Praya ní erékùṣù Cape Verde, ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Eruku pupa rẹ́súrẹ́sú bo ojú ọ̀run. Darwin kó díẹ̀ nínú èyí tí ó bà lé orí ọkọ̀, ó sì fi í ránṣẹ́ sí Ehrenberg nígbà tí ó ṣe, pẹ̀lú irú rẹ̀ mìíràn tí ó rí gbà. Ìdì márùn-ún ni gbogbo rẹ̀. Ehrenberg rí oríṣi ohun 67 nínú wọn, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ dáyátọ́mù, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé inú omi tí kò níyọ̀ ni gbogbo wọn ti wá. Eruku láti àárín òkun, tí ó gbé ẹ̀dá inú adágún dání! Ṣùgbọ́n Ehrenberg kò rí èyíkéyìí nínú àwọn tí ó mọ̀ mọ́ Áfíríkà nìkan. Ó rí méjì tí ó mọ̀ mọ́ Gúúsù Amẹ́ríkà, ó sì tìtorí èyí fura sí Amẹ́ríkà. Darwin wo ọ̀nà tí atẹ́gùn gbà, ó ní oṣù tí ọyẹ́ ń jà ni, láti Áfíríkà ni.

Darwin ni ó jàre. Ọyẹ́ tí ń fẹ́ eruku bo ìwé wa lórí tábìlì láti oṣù Kọkànlá dé oṣù Kejì, púpọ̀ nínú eruku rẹ̀ ń ti àfonífojì Bodélé wá, ní ilẹ̀ Ṣáàdì. Adágún ńlá kan wà níbẹ̀ nígbà kan rí, tí Adágún Ṣáàdì òde òní jẹ́ ìyókù rẹ̀. Adágún náà gbẹ, ó ku ilé àwọn dáyátọ́mù rẹ̀ tí wọ́n tẹ́ lọ bí ẹfun. Òun ni atẹ́gùn ń gbé. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi ìka nu ojú tábìlì nígbà ọyẹ́, ó ṣeé ṣe kí fọ́ọ́kú igbá tí Ehrenberg lo ayé rẹ̀ láti máa yà wà ní ìka rẹ̀. Àwa náà ti ń rí eruku yìí láti ayébáyé, a ti fi pòwe, a ti fi kọrin. Ó kàn jẹ́ pé a kò ní awò ni.

Bí Ehrenberg ti ń darúgbó, ọmọ rẹ̀ obìnrin, Clara, ni ó ń ràn án lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ náà. Àkàdẹ́mì Sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Họ́láńdì fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Leeuwenhoek ní 1875. Òun ni wọ́n kọ́kọ́ fún. Ó kú ní Berlin ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹfà ọdún 1876. Nígbà náà, àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ ti pa èrò rẹ̀ nípa ikùn púpọ̀ tì pátápátá, àwọn mìíràn sì ń fi í rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí kò da ohunkóhun nù. Nǹkan bí 40,000 ohun tí ó lẹ̀ mọ́ abala díńgí àti awẹ́ òkúta tín-ínrín fún awò ni ó fi sílẹ̀, pẹ̀lú nǹkan bí 5,000 ìdì ẹrẹ̀ àti yẹ̀pẹ̀, àti nǹkan bí 3,000 àwòrán. Ó kọ ibi tí wọ́n ti wá sí wọn lára. Ogun Àgbáyé Kejì jà ní Berlin, kò run wọ́n. Wọ́n wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ohun abẹ̀mí ní ìlú náà. Ẹ̀rí tí àwọn ẹlòmíràn fi dá èrò rẹ̀ lẹ́bi, òun fúnra rẹ̀ ni ó tọ́jú púpọ̀ nínú rẹ̀ dè wọ́n. Òfin orúkọ láàárín àwọn onímọ̀ ni pé orúkọ tí a kọ́kọ́ tẹ̀ jáde bí ó ti yẹ ni yóò borí, a sì gbọ́dọ̀ tọ́jú ẹ̀dá tí a fi orúkọ náà sọ sí ibi tí ẹlòmíràn lè tún un wò. Nítorí èyí, ẹni tí ó bá bu ẹrẹ̀ lónìí nídìí igi inú omi iyọ̀, ìbáà ṣe ní etí Òkun Pupa tàbí ní etíkun tiwa, tí ó sì rò pé òun ti rí dáyátọ́mù tuntun, kò gbọdọ̀ sáré sọ ọ́ lórúkọ. Ó lè ní awò tí ó lágbára ju ti Ehrenberg lọ ní ìlọ́po púpọ̀, ó sì lè ka àbùdá ẹ̀dá náà lẹ́yọ lẹ́yọ. Síbẹ̀ yóò ní láti kọ́kọ́ yẹ ọ̀dọ̀ àwọn àgbà wò bóyá wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ rí. Àìmọye ìgbà ni àgbà tí yóò bá níbẹ̀ jẹ́ Ehrenberg.

Ní 2007, àwọn onímọ̀ kan tẹ ìwé jáde nípa àwọn ìdì eruku Darwin tí ó ṣì wà nínú àkójọ náà. Wọ́n yẹ èròjà inú rẹ̀ wò, wọ́n sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ni ó ti wá lóòótọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n fi díẹ̀ nínú rẹ̀ sí orí oúnjẹ tí a fi ń tọ́jú bakitéríà. Ó ti lé ní àádọ́jọ ọdún tí Ehrenberg ti di í sínú ìwé. Bakitéríà àti àwọn ẹbí olú hù jáde láti inú rẹ̀.